Àwòrán Ilẹ̀ Tí Kò Fi Ọgbẹ́ Pamọ́

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ló wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́, tí àwòrán ilẹ̀ kan wà lára ògiri wọn. Ó lè jẹ́ èyí tó bá kàlẹ́ńdà wá: òkè ńlá tí yìnyín bo orí rẹ̀, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, igi tí ewé rẹ̀ pọ́n bí iná. Ó sì lè jẹ́ èyí tí ayàwòrán ẹ̀gbẹ́ títì fi ọ̀dà kùn: ahéré oníkoríko mẹ́ta, igi àgbọn méjì, odò kan, obìnrin kan tó ru ìkòkò, àti oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí a bá jáde kúrò nínú pálọ̀ náà, ohun tí ojú wa yóò rí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. A óò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀dàn tí igi rẹ̀ ń dín kù, kòtò tí ọ̀gbàrá gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àti àpò èédú tí wọ́n tò jọ, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí ìlú ńlá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni èyí: irú àwòrán ilẹ̀ wo ló yẹ kí a máa yìn ní àsìkò tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà lójú wa? Èsì mi kò gùn. Àwòrán ilẹ̀ tó dára lóde òní ni èyí tí kò fi ọgbẹ́ ilẹ̀ pamọ́ nítorí ẹwà, tí kò sì ju ẹwà nù nítorí ọgbẹ́. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà mélòó kan, nílé àti lókèèrè, gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, kí n tó sọ ohun tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ wa àti àwọn òbí wa.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àwòrán ilẹ̀ ni àwòrán tí òkè, odò, igbó, oko, ọ̀nà àti sánmà jẹ́ kókó rẹ̀. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni a ṣe yà á. Irú ọnà báyìí kò wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá láyé àtijọ́. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ igi, wọ́n gbẹ́ òkúta, wọ́n rọ idẹ, wọ́n sì mọ amọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn àti ẹranko ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, pàápàá jù lọ orí ènìyàn. Kì í ṣe pé wọn kò rí igbó àti òkè. Ohun tí mo rò ni pé ilẹ̀ kò jìnnà sí wọn tó ohun tí ènìyàn ń dúró lókèèrè wò. Wọ́n ń ro ó, wọ́n ń ṣọdẹ lórí rẹ̀, wọ́n ń bọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú wọn sínú rẹ̀. Ta ni yóò ya ilé tó ń gbé, tí yóò sì gbé e kọ́ sára ògiri ilé kan náà?

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Èsìẹ́, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan di irun tó lẹ́wà, àwọn kan kọ ilà, àwọn mìíràn mú ohun ìjà tàbí ohun èlò orin lọ́wọ́. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta, àti pé ọdẹ ló bá wọn pàdé nínú igbó. Ní 1933, H. G. Ramshaw, ẹni tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọ CMS, ròyìn wọn fún àwọn ará ìta. Ní 1945, a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ nítorí wọn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni ibi tí a ti bá wọn: inú igbó, lábẹ́ igi. Òkúta tó ti inú ilẹ̀ jáde ni ọwọ́ ènìyàn sọ di ère, tó sì tún padà jókòó sórí ilẹ̀. Nígbà náà, ère àti igbó jọ jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Nígbà tí a kó àwọn ère sábẹ́ òrùlé, ohun tó tọ́ ni a ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti fọ́, orí àwọn mìíràn sì ti gé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ojú wa ti kúrò lára igbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ wò wọ́n, ère ni yóò yà sínú ìwé rẹ̀. Kì í rántí ya igi tó dúró lẹ́yìn ilé náà.

Ilé ìwé ló mú àṣà àwòrán ilẹ̀ wá bá wa. Àìná Ọ̀nàbólú, tí a bí ní 1882 tó sì kú ní 1963, jà fitafita kí a tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé ní Èkó. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ṣe ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé lókèèrè, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ náà sọ ọ́ lórúkọ. Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèrè la ti ń wò ó. Ọ̀nàbólú fi han àwọn ọmọ bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù ya òkèrè náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òyìnbó kan, Kenneth Murray, dé ní 1927, tí òun sì rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe da àwòrán ilẹ̀ òkèèrè kọ, kí wọ́n wo àyíká tiwọn.

Òmù-Àrán náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan, dá ilé ìwé kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé ayé àwọn ará ìlú ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Bámigbóyè ti Odò-Ọ̀wá, àgbà agbẹ́gilére tí Yale University ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022, kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́ ní Òmù-Àrán. Ohun tí a mọ Bámigbóyè sí jù lọ ni orí Ẹ̀pà ńláńlá tí ènìyàn pọ̀ lórí rẹ̀ bí ìlú, tó sì jẹ́ pé ìtì igi kan ṣoṣo ni a gbẹ́ ẹ láti inú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí kò bá sí igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kì í ṣe igi nìkan ni a pàdánù. A ti pàdánù orí Ẹ̀pà tí ẹnikẹ́ni ì bá gbẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ọgbọ́n wíwo nǹkan láti òkèèrè dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Láti òkèèrè, a kì í rí kòtò. Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán ilẹ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1821, John Constable, ará Gẹ̀ẹ́sì, ya kẹ̀kẹ́ ẹrù onígi kan tí ẹṣin ń fà nínú odò Stour, pẹ̀lú ilé kékeré kan lápá òsì, igi ńláńlá, àti ìkùukùu tó fẹ́ dà bí ẹni pé òjò ń bọ̀. The Hay Wain ni orúkọ àwòrán náà, ó sì wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtòsí ibi tí bàbá Constable ti ní ọlọ ni ó yà. Ó mọ igi tó ń yà, ó mọ omi náà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán náà fi wà láàyè títí di òní.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ méjì láti inú ẹgbẹ́ Just Stop Oil lẹ bébà bo ojú àwòrán yìí. Lórí bébà wọn, odò ti di ọ̀nà ọ̀dà, ọkọ̀ òfuurufú kún ojú sánmà, iná sì ti jó igi. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé ilẹ̀ tí Constable yà kò ní wà bẹ́ẹ̀ mọ́ bí a kò bá yí ìwà wa padà. Èmi kò ní yìn wọ́n pé wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́. Síbẹ̀ ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ibi tí mo ti rí àléébù nínú bébà wọn ni pé ibikíbi lágbàáyé ni ó lè jẹ́. Iná náà kò ní orúkọ, ọ̀nà náà kò ní ìlú. Odò kan pàtó tó mọ̀ dunjú ni Constable yà. Ìbẹ̀rù tí kò ní ibùdó ni tiwọn. Ọgbẹ́ tí kò ní ibùdó kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òkè oníyìnyín orí kàlẹ́ńdà: a ó wò ó, a ó sì kọjá lọ.

Nílé wa níhìn-ín, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bruce Onobrakpeya, tí a bí ní 1932 ní ilẹ̀ Ùróbò, tó sì gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ fífín àwòrán sára nǹkan kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ṣe ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan láàárín ọdún 1980 sí 1990 tó pè ní Sahelian Masquerades, ìyẹn àwọn eégún ilẹ̀ Sàhẹ́lì. Sàhẹ́lì ni ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà. Iṣẹ́ náà dá lórí bí aṣálẹ̀ ṣe ń gba ilẹ̀, bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń jẹ koríko tán, bí a ṣe ń gé igi fún ìdáná, àti bí àṣà àwọn ènìyàn ṣe ń bá ilẹ̀ wọn lọ. Lójú tèmi, orúkọ náà ni ó gbé iṣẹ́ náà ga. Eégún kì í gbé àárín wa títí. Ó máa ń wá, ó sì máa ń lọ, ẹni tó bá sì ṣe àìdáa sí i kò mọ̀ bóyá yóò tún padà. Oníṣẹ́ ọnà tó fi ilẹ̀ wé eégún ti sọ fún wa pé ilẹ̀ náà lè bínú lọ. Kò ya ilẹ̀ bí ohun tó dúró lókèèrè tí kò mọ̀ wá rí.

Ẹnìkejì ni El Anatsui, ọmọ Gánà tí a bí ní 1944, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì ìlú Nsukka. Ní 1992, ọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé pé jọ sí Rio de Janeiro ní Bràsíìlì láti jíròrò lórí àyíká, ó ṣe iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè náà tó pè ní Erosion, ìyẹn bí ọ̀gbàrá ṣe ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Ìtì igi kan tó ga ju ènìyàn lọ ni. Ó fín oríṣiríṣi àmì sí ara rẹ̀, ó sì tún gbé ayùn ẹ̀rọ, irú èyí tí àwọn agégi ń lò, ó fi ya ara igi kan náà. Àwọn èérún igi tó já bọ́ kò gbá wọn dànù. Ó kó wọn sí ìdí ìtì náà bí iyẹ̀pẹ̀ tí òjò wọ́ wá sísàlẹ̀ òkè. Iṣẹ́ náà wà ní ìlú Washington báyìí, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a yà sọ́tọ̀ fún ọnà Áfíríkà.

Kò sí òkè kankan nínú iṣẹ́ yìí, kò sí sánmà, síbẹ̀ mo kà á sí ọ̀kan lára àwòrán ilẹ̀ tó dára jù lọ nígbà tiwa. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹwà àti ọgbẹ́ wà lára igi kan ṣoṣo. Ká ní Anatsui fín àmì nìkan, iṣẹ́ tó rẹwà ni à bá rí. Ká ní ayùn nìkan ló fi bà á jẹ́, igi ìdáná ni à bá rí. Nítorí pé ó kọ́kọ́ fi sùúrù ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, ó ń dun ni nígbà tí ayùn gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí a kò fẹ́ràn, bí ó bá bàjẹ́, kì í dun ni. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya ilẹ̀ tó ń bàjẹ́: kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà nítòsí wa, ní Òṣogbo. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí a bí ní 1915, dé Nàìjíríà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ó sì di ẹni tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà títí ó fi kú ní 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé tún àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe, wọ́n sì mọ ère sáàárín igi. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ gé igi ibẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ kọ́lé sí i, àwọn ère wọ̀nyí dà bí ẹ̀ṣọ́. Igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, di ohun àjogúnbá ìjọba àpapọ̀ ní 1965, ó sì di ogún gbogbo ayé lábẹ́ UNESCO ní 2005. Àwòrán ilẹ̀ tí ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀ nìyí, tí a kò nílò férémù fún. Òun ló sì súnmọ́ Èsìẹ́ àtijọ́ jù lọ, nítorí níbẹ̀, ère àti igi jọ ń gbé ni.

Àmọ́ kí a sọ òtítọ́ délẹ̀. Iṣẹ́ ọnà gba igbó Ọ̀ṣun là, kò lè gba omi Ọ̀ṣun là. Odò náà ti òkè wá, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí àwọn kan ti ń wa góòlù láìgba àṣẹ. Omi náà ti di ẹrẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ọnà nìkan yóò tún ilẹ̀ ṣe ń tan ara rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ọnà lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí a sọ pé a kò rí i. Ẹni tó dúró nínú igbó náà lónìí, tó rí ère Ọ̀ṣun àti omi tó rí bí ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, kò lè sọ pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà ní ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí igi wa fi pọ̀ ní oríṣi: ìrókò wà, igi irú wà, igi òrí wà, ayìn wà. Àwọn igi líle bí ayìn ni àwọn elédùú fẹ́ràn. Wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á wá fi iná sí i kí ó máa jó díẹ̀díẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́ púpọ̀. Kódà igi irú àti igi òrí tí àwọn ìyá wa ń tọ́jú nítorí èso wọn ń bá a lọ. Bí igi bá lọ, òjò á máa bọ́ sórí ilẹ̀ níhòòhò, omi á máa sáré, ọ̀gbàrá á sì gbẹ́ ilẹ̀ oko. Lẹ́yìn náà ni iná ọ̀ẹ̀rùn á wá jó àwọn ọ̀dọ́ igi tó fẹ́ hù dípò àwọn tó lọ.

Ta ló ń ya èyí? Àwọn ayàwòrán ahéré àti oòrùn-wíwọ̀ kì í yà á. N kò bá wọn jà, nítorí ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni wọ́n ń tà, ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn sì dá ṣáká nínú àwọ̀ pípò. Ṣùgbọ́n abúlé tí wọ́n ń yà kò sí mọ́, ó ti pẹ́ tí páànù ti rọ́pò koríko. Àwòrán abúlé tí kì í yí padà ń sọ fún wa pé ilẹ̀ kì í yí padà, irọ́ sì ni. Ó tilẹ̀ burú ju àwòrán òkè oníyìnyín lọ, nítorí kò sí ẹni tó máa rò pé òkè oníyìnyín ni Òmù-Àrán. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé abúlé yẹn ni tiwa.

Ẹnìkan lè sọ pé elédùú ni ọ̀tá, kí a yà á bí èṣù. Èyí náà yóò jẹ́ irọ́. Ebi ni ó lé ọ̀pọ̀ wọn wọ igbó, owó gáàsì àti kẹrosíìnì ló sì ń mú kí àwọn ará ìlú ńlá máa ra èédú. Àwòrán tó bá ya elédùú láìya ìkòkò tí èédú rẹ̀ ń sè ní ìlú ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn òbí kan tún lè béèrè pé, kí la fẹ́ fi àwòrán ọwọ́ ṣe nígbà tí fóònù wà? Ó dára kí a lo fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù ń rí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè má rí nǹkan kan. Ọmọ tó ń fi pẹ́ńsù ya igi gbọ́dọ̀ mọ igi tó ń yà. Ṣé igi irú ni tàbí igi òrí? Báwo ni ẹ̀ka rẹ̀ ṣe tẹ̀? Kí ni èèpo rẹ̀ rí bí? Láàárín wákàtí kan tó fi yà á, ó ti béèrè orúkọ igi náà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ti fọwọ́ kan èèpo rẹ̀, ó sì ti mọ ẹyẹ tó ń bà lé e. Ohun tí ọmọ bá mọ̀ báyìí kì í ṣòro fún un láti dáàbò bò.

Ìdí tó ga jù lọ nìyí. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí wọ́n gé ìrókò kan tán kò mọ̀ pé ìrókò wà níbẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ gba pápá gbígbẹ náà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe yẹ kó rí, kò sì sí ohun tó ń dùn ún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí ni àgbà ọ̀la yóò rí bó bá wo ẹ̀yìn, bí a kò bá fi àmì kankan sílẹ̀ fún un? Àwòrán ilẹ̀ tó jẹ́ òtítọ́ ni ẹ̀yìn tí yóò wò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kan ni mo ní fún àwọn ilé ìwé wa, kò sì gba owó púpọ̀. Kí olùkọ́ yan ibi kan ṣoṣo nítòsí ilé ìwé: ẹ̀bá odò, ìdí òkè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko, tàbí àyíká ilé àwọn ère ní Èsìẹ́. Kí àwọn ọmọ máa lọ ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òjò àti nígbà ọ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n dúró sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn bébà, kí wọ́n kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan ní èdè wa. Bí wọ́n bá gé igi kan, kí wọ́n ya kùkùté rẹ̀. Bí wọ́n bá gbin òmíràn, kí wọ́n yà á bó ti wù kó kéré tó. Kí ilé ìwé tọ́jú wọn sínú àpótí kan tí ikán kò ní dé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé ìtàn ilẹ̀ ni yóò wà nínú àpótí yẹn, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú ni ó kọ ọ́. Òmù-Àrán ti gba àgbà oníṣẹ́ ọnà sínú ilé ìwé rí. Kò ṣòro láti tún ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú àwòrán kùkùté àti ọ̀gbàrá wálé, ẹ má ṣe sọ pé kò rẹwà. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi máàkì dá ọmọ tó ya ahéré àti oòrùn lọ́lá ju ẹni tó ya páànù dídípẹtà tí ó rí pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá ìkàwé wa kò dúró dè wá. Kí a mú pẹ́ńsù, kí a lọ yà á bó ṣe rí, pẹ̀lú igi rẹ̀ tó kù àti ibi tí igi ti tán.